Ọmọ mi SS wọlé sí Ilọrin, bàbá rẹ̀ ní kò lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́ irú wọn dàgbà, ẹ bá mi dá sí i

Ìyá_Mẹ́ta (Abẹ́òkúta)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fún mi. Àkọ́bí obìnrin, ọdún 17, SS, ìyẹn ni pé ó ní fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell). Ọkùnrin ló tẹ̀lé e, ọdún 14, AA, kò ní in rárá. Àbígbẹ̀yìn obìnrin, ọdún 9, SS. Èmi àti bàbá wọn, AS ni wá: ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe wá. Nígbà tí mo lóyún àbígbẹ̀yìn, àwọn èèyàn ń sọ pé "ẹ ti san tiyín ná", àfi bí ẹni pé àrùn yìí ń ka ọmọ. Kì í kà á. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ní tẹ́tẹ́ tirẹ̀: ọ̀kan nínú mẹ́rin, bó ti wù kí ti àtẹ̀yìnwá rí.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá rèé. Àgbà ọmọ yìí wọlé sí Yunifásítì Ilọrin. A jó, a yọ̀, kí bàbá rẹ̀ tó dé láti ibi iṣẹ́. Ó ní kò sí ibi tó ń lọ. Ó ní FUNAAB, yunifásítì Abẹ́òkúta, wà nítòsí wa níbí, kó gba fọ́ọ̀mù ibẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, kó máa tilé lọ, kó máa tilé bọ̀. Bó bá jẹ́ lọ́dún tó kọjá ni, ẹnu mi gan-an ni ọ̀rọ̀ yẹn ì bá ti kọ́kọ́ jáde.

Ohun tó yí mi lérò padà ni pé wọ́n ní kí ọmọ náà kúrò ní kíníìkì àwọn ọmọdé, kó wá máa lọ sí ti àwọn àgbà. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ dé ibẹ̀, a ń dúró de nọ́ńbà wa, ìyá kan jókòó tì wá. Orí rẹ̀ ti funfun, kò sí ẹni tó tẹ̀lé e. Mo rò pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló mú wá. Ó ní rárá o, òun fúnra òun lòun wá rí dókítà. SS ni. Ọdún 58. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ike omi kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi bírò fa ìlà sí i lára, aago 8, aago 10, aago 12, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìdí ike. Bó bá mu díẹ̀, á wo ìlà, á wo aago ọwọ́ rẹ̀. Èmi kàn lanu sílẹ̀ ni, mò ń wò ó. N kò rí SS tó hu ewú rí láyé mi.

Ló bá kọjú sí ọmọ mi. "Ìyá mi, èló ni PCV rẹ, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara rẹ, máa ń jẹ́ nígbà tí ara bá dá?" Ọmọ wojú mi. "Irú ẹ̀jẹ̀ wo lo ní?" Ó tún wojú mi. "Oògùn wo ni ara rẹ kì í gbà?" Èmi ni mo dáhùn gbogbo rẹ̀, bí mo ti ń dáhùn láti ìgbà tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ́kọ́ wú lọ́mọ oṣù mẹ́jọ. Ìyá yẹn ò tiẹ̀ wò mí. Ó ní, "Ìyá rẹ ti yege nínú ìdánwò yìí. Ìwọ ńkọ́?"

Oorun ò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Gbogbo ètò tí mo ti ń ṣe fún ọmọ yìí, ètò kó má kú ni. N kò ṣe ètò kankan fún un bó bá wà láyé di ọdún 58.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kó lọ? Bó bá sì máa lọ, kí ló gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó kúrò lọ́wọ́ mi?

Alákẹ́_Ìjẹ̀bú

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kí ọmọ kú oríire ìwọlé ná! Ó dà bíi pé ẹnikẹ́ni ò tíì kí i. Kí ló fẹ́ kà?

Ìyá_Mẹ́ta

Ẹ ṣé gan-an ni, ìyá mi. Accounting ni.

Bàbá_Àkúrẹ́

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yìn bàbá ọmọ ni mo wà.

Ṣé ẹ ti gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì rí ni? Ẹni mẹ́jọ nínú yàrá kan. Omi á dá, wọ́n á máa pọn ọ́n gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọyẹ́ Ilọrin kì í sì í ṣe ọyẹ́ Abẹ́òkúta. Nínú Oṣù Kìíní, bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́ ni ètè á máa bẹ́, òtútù yẹn á sì wọ inú egungun ẹni tí ara rẹ̀ le, áḿbọ̀tórí ọmọ SS.

Ọmọkùnrin tèmi, ọdún 15, òun náà SS ni. Òru ni kíráísìsì tirẹ̀, ìrora ńlá inú egungun yẹn, máa ń dé. Kì í sunkún. Á kàn máa forí gbá ògiri wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kó, kó, kó. Ìró yẹn ló ń jí mi. Ta ló máa gbọ́ ọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, nígbà tí gbogbo wọn á ti ki nǹkan bọ etí, tí wọ́n á máa gbọ́ orin? Ẹ má pe bàbá yẹn ní alágídí o. Ohun tó ti fi ojú rí ló ń sọ.

Nọ́ọ̀sì_Àbẹ̀kẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ òbí o. Bàbá Àkúrẹ́, mo mọ ìró ògiri yẹn. Ó pẹ́ tí mo ti wà ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, àwọn ọmọ tí kì í sunkún ló máa ń já wa láyà jù.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ìbéèrè ìyá àgbà yẹn fi ṣe pàtàkì. PCV àwọn SS kì í rí bíi tiwa. Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé 22 tàbí 24 ni tirẹ̀, á máa ṣiṣẹ́, á máa ṣeré. Bó bá dé ọsibítù tí wọn ò mọ̀ ọ́n rí, dókítà á rí 22, á ní kí wọ́n lọ wá ẹ̀jẹ̀ kíákíá. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ tí kò nílò sí i lára. Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn kì í ṣe omi o: irin inú rẹ̀ á máa kó jọ sínú ẹ̀dọ̀, ara sì lè kọ́ bí a ṣe ń bá ẹ̀jẹ̀ àlejò jà, tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí ó bá nílò ẹ̀jẹ̀ lóòótọ́, èyí tó máa bá a mu á ṣòro rí. Ọmọ tó mọ nọ́ńbà ara rẹ̀ á sọ pé, "Dókítà, bí mo ṣe máa ń wà nìyẹn." Bí wọ́n bá sì bá 14 lára ẹni tó ń wà lórí 24, òun kan náà láá sọ fún wọn pé nǹkan ti bàjẹ́. Bí ìyá bá wà l'Ábẹ́òkúta tí fóònù rẹ̀ ti kú, ta ló máa sọ ọ́?

Ó tún gbọ́dọ̀ mọ irú ìrora tí a lè fi omi, aṣọ òtútù àti oògùn ìrora tọ́jú nínú yàrá, kó sì mọ èyí tí kò gbọ́dọ̀ dá dúró tì. Ibà tó bá ti dé 38. Àyà tó ń dùn tí èémí ń há. Ojú tó bá di yẹ́lò ju bó ṣe máa ń wà lọ. Ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ apá kan tó bá rọ, tàbí ẹnu tó bá ṣàdédé wọ́: ìyẹn, kí wọ́n má fi omi gbígbóná rà á, kí wọ́n gbé e lọ ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, rọpárọsẹ̀ ni. Kí ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú káàdì kan, kí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá mọ ibi tí káàdì wà.

Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ fún kíníìkì yunifásítì kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ béèrè yàrá ìsàlẹ̀ àti bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀. Folic acid tó ń ran ara lọ́wọ́ láti ṣe ẹ̀jẹ̀, àti Paludrine tó ń dènà ibà, lójoojúmọ́, kò sí ìsinmi níbẹ̀. Ibà lásán ni tẹlòmíràn, tirẹ̀ lè fa kíráísìsì. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún un dáadáa pé kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa gún un ní pentazocine, abẹ́rẹ́ ìrora líle, ní kẹ́mísìtì. Ọ̀nà yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà di ẹni tí oògùn ń dè.

Ìbéèrè méjì. Ṣé ó ń lo hydroxyurea? Àbígbẹ̀yìn ńkọ́, ṣé wọ́n ń ṣe TCD fún un?

Ìyá_Mẹ́ta

Ó ti ń lo hydroxyurea fún ìgbà díẹ̀, mà. Kíráísìsì ti dínkù gan-an. TCD, n kò tiẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Àbẹ̀kẹ́

Hydroxyurea náà, irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ń lò nínú oyún ló ń dá padà sára díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yẹn kì í ká kò, òun ló fi jẹ́ pé ọmọ SS kì í ṣàìsàn ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Kí ó má pa á tì, kí ó sì máa lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lásìkò tí dókítà bá dá fún un, torí ó lè mú àwọn sójà inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ jù.

TCD, wọ́n á fi ẹ̀rọ kan sí ẹ̀bátí ọmọ, bíi ti sikáànù aláboyún, wọ́n á gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré lọ sí ọpọlọ. Kò ní abẹ́rẹ́, kì í dùn. Bó bá ń sáré jù, rọpárọsẹ̀ lè wà lọ́nà, wọ́n sì ní ohun tí wọ́n lè ṣe kó tó dé. Láti ọdún 2 sí 16 ni a ń ṣe é. Ọmọ ọdún 9 wà láàárín. Ẹ béèrè rẹ̀ ní kíníìkì tí ẹ bá tún lọ. Ní ìlú Èkó, wọ́n ń ṣe é ní ibùdó Sickle Cell Foundation Nigeria ní Ìdí-Àràbà, ọ̀ọ́kán LUTH.

Ọmọ_Ọdún_42

Ẹ kú àjọṣe o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa. Èmi kì í ṣe òbí SS, èmi ni SS.

Wọ́n sọ fún ìyá mi pé n kò ní kọjá ọdún 21. Kò sọ ọ́ fún mi rí, ṣùgbọ́n mo mọ̀. Ẹ ẹ̀ mọ bí mo ṣe mọ̀? Aṣọ ọdún. Ti àwọn àbúrò mi, títóbi ló máa ń rà, kí wọ́n lè dàgbà bá a. Tèmi máa ń ṣe rẹ́gí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí mo fiyè sí i. Ìyá tó kẹ́ mi ju gbogbo ọmọ ilé lọ ni o, ẹran tó dára jù, tèmi ni. Ṣùgbọ́n sòkòtò tí ó máa gùn mí, kò rà á.

Ẹ̀yin òbí ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé bí a bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, a kì í fi nǹkan pamọ́ fún yín. À ń fi pamọ́ dáadáa! Bí mo bá rí ojú ìyá mi bó ṣe máa ń rí tí mo bá ní "ẹsẹ̀ ń dùn mí", mo máa ń dá a dúró títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bàbá Àkúrẹ́, ẹ dákun, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ bá ọmọ yín ọkùnrin sọ ọ̀rọ̀ kan tí ìyá rẹ̀ kò ní lè sọ. Nǹkan ọmọkùnrin wọn lè le lóru, kó má rọ̀ fún wákàtí, kó máa dùn wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ tó há ni, kì í ṣe ìṣekúṣe. Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Bó bá fi lè tó wákàtí mẹ́rin, ó lè ba ibẹ̀ jẹ́ títí ayé, kí ó tiẹ̀ má dúró tó bẹ́ẹ̀ kó tó lọ sí ọsibítù. Ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún mi. Inú ìwé ni mo ti kà á, nígbà tó ti ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ilọrin náà ni mo ti kàwé. Mo ṣàìsàn níbẹ̀. Mo tún gboyè níbẹ̀.

Bàbá_Àkúrẹ́

Ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn... Ẹ ṣé, àbúrò. Màá bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ lálẹ́ òní.

Màmá_Peckham

Ẹ kú déédéé ìwòyí. Níbí ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, wọ́n máa ń gún gìgísẹ̀ gbogbo ọmọ tuntun, wọ́n á ti mọ̀ bó bá jẹ́ SS kí ọwọ́ kankan tó wú. Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ wá rọrùn o. Nígbà tí ọmọ mi wọ ọdún 13, dókítà ní kí n jáde síta fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òun fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ lóun nìkan. Inú bí mi! Èmi tí mo gbé e pọ̀n, tí mo sùn sórí àga ọsibítù. Mo jókòó síta, mò ń gbọ́ ẹ̀rín wọn.

Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ti kúrò ní ti ọmọdé, àwọn tó mọ̀ wọ́n láti kékeré kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n á dé ẹ̀ka pàjáwìrì lóru, àwọn kan á wò wọ́n bí ẹni tó wá jí oògùn mu. Ìgbìmọ̀ kan nínú ilé aṣòfin níbí gbé ìròyìn jáde ní 2021 lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, pé wọn kì í gbọ́ ohun tí àwọn àgbà SS ń sọ nípa ara wọn. Nítorí náà ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kò bá ti mú tó láti sọ tirẹ̀ kó tó pé 18, ìyà máa jẹ ẹ́, ìbáà ṣe Lọ́ńdọ́ọ̀nù tàbí Ilọrin.

Ọmọ_Elégbògi

Gbogbo yín ń sọ oògùn òyìnbó. Àwọn bàbá wa tí wọ́n ń tọ́jú fòníkú-fọ̀ladìde ńkọ́? Orín àtà wà, pópóró ọkà bàbà wà. Ẹ fún un ní àgbo kó máa lọ.

Tèmi_Houston

Ẹ tiẹ̀ ti gbọ́ pé wọ́n ti rí ìwòsàn? Casgevy ni, wọ́n á mú sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ jáde lára ẹni, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á dá a padà. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní Oṣù Kejìlá 2023, fún ẹni ọdún 12 sókè.

Nọ́ọ̀sì_Àbẹ̀kẹ́

Tèmi, òótọ́ ni. Iye tí wọ́n fi lé e lórí lọ́hùn-ún ni mílíọ̀nù méjì lé ní igba ẹgbẹ̀rún dọ́là fún ẹnì kan. Wọ́n á sì kọ́kọ́ fi oògùn líle gbá mùdùnmúdùn inú egungun mọ́ kí wọ́n tó dá èyí tí wọ́n tún ṣe padà, oògùn yẹn sì lè dí ọ̀nà ọmọ bíbí. Inú mi dùn pé ó wà. Kì í ṣe ohun tí a máa torí rẹ̀ dá ọmọ dúró sílé.

Ọmọ Elégbògi, n kò bú ewé. NIPRD, ilé ìwádìí oògùn ìjọba ní Àbújá, ti fi ìyèré, osùn, kànáfùrù àti ọkà bàbà ṣe oògùn fún àrùn yìí, wọ́n tà á lórúkọ Nicosan kó tó di àwátì lọ́jà. Wọ́n wọn ìyẹn, wọ́n dán an wò lára èèyàn, wọ́n mọ iye tó wà nínú rẹ̀. Àgbo inú ìgò tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó wà níbẹ̀, tí ọmọ á wá torí rẹ̀ pa hydroxyurea tì, ìyẹn ni mo lòdì sí.

Ìyá_Ọlá

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. N kò fẹ́ ba ọ̀rọ̀ yín jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ọmọ tèmi kì í ṣe SS. Cerebral palsy ni, ọpọlọ tó fara pa ni kì í jẹ́ kí ara rẹ̀ gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ọdún 11. Ọ̀sẹ̀ tí mo bí i ni ara rẹ̀ di yẹ́lò. G6PD rẹ̀, ohun tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ kí káńfọ̀ má bà á jẹ́, kò tó, àwọn aṣọ ọmọ tí wọ́n kó fún wa láti inú àpótí sì ń rùn káńfọ̀, bí gbogbo ilé ti ń ṣe. Wọ́n ní ká máa gbé e sí oòrùn àárọ̀. Kí a tó dé ọsibítù tó ní iná aláwọ̀ búlúù, ó ti wọ ọpọlọ. (Ẹ̀yin ìyàwó kéékèèké tó ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ tuntun.)

Ẹ̀yin ń sọ pé kí ọmọ gba àìsàn rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ọmọ mi kò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi láé. Kò lè jókòó, kò sọ̀rọ̀. Kí wá ni èmi máa ṣe?

Mo rò ó títí, mo rí i pé bí kò bá lè gbà á, àwọn mìíràn lè gbà á. Oúnjẹ rẹ̀, èmi nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń fún un. Èmi ni mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá fún un, á pá a lórí, èmi á já ṣíbí gbà. Ní báyìí, mo ti kọ́ àbúrò mi obìnrin àti ẹ̀gbọ́n ọmọ náà: ẹ gbé e jókòó sí itan, ẹ fi apá òsì gbé ẹ̀yìn orí rẹ̀, kí àgbọ̀n rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, kó má gàkè. Kí ẹ̀kọ kí, kó má ṣàn. Ìdajì ṣíbí. Ẹ dúró, ẹ wo ọ̀fun rẹ̀ kó lọ sókè kó sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ tó fún un ní òmíràn. Ó gba àbúrò mi lákòókò. Lọ́jọ́ kan mo lọ sí ìsìnkú ẹ̀gbọ́n bàbá mi n'Íbàdàn, mo sùn síbẹ̀. Mo dé, ọmọ ti yó. Mo jókòó, mo sunkún, n kò mọ̀ bóyá ti ayọ̀ ni tàbí ti owú.

Nítorí náà, Ìyá Mẹ́ta, ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹ̀yin tí ọmọ yín lè mú ike omi fúnra rẹ̀, ẹ má fi ṣòfò.

Alákẹ́_Ìjẹ̀bú

Ọlọ́run á fún yín lókun, Ìyá Ọlá. Omijé ti bọ́ lójú mi.

Ìyá_Mẹ́ta

Ìyá Ọlá, mo kúnlẹ̀ kí yín.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ aṣọ ọdún yẹn, mo pe ọmọkùnrin mi, AA náà, mo bi í níbi tí òun fẹ́ kàwé sí. Ó ní FUNAAB. Mo ní ṣé ohun tó fẹ́ kà wà níbẹ̀ ni? Ọmọ tó ń fi gbogbo ọjọ́ tú rédíò tó sì fẹ́ lọ sí yunifásítì Ifẹ̀ láti kékeré! Ó ní bí òun bá lọ jìnnà, ta ló máa máa gbé àbúrò òun sọ̀ kalẹ̀ láti òkè tó bá di òru? Òun ti bá ara òun sọ ọ́ tipẹ́. Bàbá wọn wà ní pálọ̀, ó gbọ́. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn dìde lọ pa jẹnẹrétọ̀. Lọ́jọ́ kejì ló ní kí n fún òun ní fóònù, òun fẹ́ ka ohun tí ẹ kọ.

Ó ní òun gbà, pẹ̀lú àdéhùn. Kí ọmọ fúnra rẹ̀ dá lọ sí kíníìkì tó kàn, kó dá dókítà lóhùn, kó dá gba oògùn, kó wá ròyìn fún òun. Ẹ̀ẹ̀kejì, kí èèyàn àgbà kan wà n'Ílọrin tí a mọ̀. Ìyẹn ni kò sí.

Bàbá_Àkúrẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Tanke, kò jìnnà sí yunifásítì. Òun ni ọmọ tèmi máa ń sùn sílé rẹ̀ nígbà ọlidé, ó mọ ohun tí kíráísìsì jẹ́, kì í jáyà. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, kí bàbá ọmọ pè mí, ká sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin méjì. Ọkàn mi ò tíì balẹ̀ sí ọ̀rọ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì yìí o, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n bó bá máa lọ, kó lọ síbi tí a ti lè gbọ́ ìró rẹ̀.

Ìyá_Mẹ́ta

Ọlọ́run á bá mi san án fún yín, sà. Ó máa pè yín lónìí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ilọrin: ṣé wọ́n gba kẹ́tùlù oníná ní họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn obìnrin? Bàbá rẹ̀ ti ra ńlá kan, nítorí omi gbígbóná inú ọyẹ́.

Ọmọ_Ọdún_42

Nígbà tèmi, tí wọ́n bá rí i, wọ́n á gbà á ni. Ẹ ra fúláàsìkì méjì fún un, kó máa bu omi gbígbóná lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta tíì. Kẹ́tùlù, kí bàbá fi máa pọn tíì tirẹ̀ nílé.